Ta Ló Ni Àṣẹ Létí Omi? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Olórí Abúlé, Láti Kírikírì Dé Sàmóà

Èbúté bájì tí aráàlú mọ̀ sí Kírikírì Lighter Terminal wà létí ọ̀sà tóóró tó gba ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Tin Can lọ sí Àgbádárìgì. Olódì-Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òdìkejì omi ni àwọn abúlé erékùṣù bíi Ságbokòjí, Tòmárò àti Ìgbológun wà. Ojú omi kan náà ni apẹja, awayanrìn, ọkọ̀ epo àti bájì kọ̀ntẹ́nà jọ ń lò. Bí bájì bá fa àwọ̀n ya, bí epo bá dà sómi tí edé sì kú, bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn kún ibi tí àwọn ènìyàn ti ń so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, àwọn tó lè sọ pé ẹjọ́ náà kan àwọn pọ̀ jọjọ: ẹbí onílẹ̀, baálẹ̀ àdúgbò, olórí àwọn apẹja, káńsù Àpápá, ti Ajérọ̀mi-Ìfẹ́lódùn tàbí ti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ìjọba ìpínlẹ̀, àjọ èbúté, àjọ ojú omi ti ìjọba àpapọ̀, àti àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ta nínú wọn ni olórí? Ìbéèrè náà ti wà kí èbúté yìí tó dé, ìdáhùn rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá gbọ́ ẹyọ kan yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè mẹ́ta la dì sínú ẹyọ kan, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn náà kò fi tán. Ta ló ni ilẹ̀? Ta ló ń darí àwọn ènìyàn? Ta ló ń ṣọ́ omi? Ìhà kọ̀ọ̀kan nínú àríyànjiyàn yìí dáhùn ọ̀kan dáadáa, ó sì fi tipátipá ti méjì yòókù mọ́ ọn. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ẹbí tó ni ilẹ̀ ti sábà máa ń jẹ́ ẹbí tó ń jọba, ìdìpọ̀ yìí kì í hàn sí ẹnikẹ́ni. Etí omi ni ó ti ń tú.

Ìhà kìíní: onílẹ̀ ni olórí

Ìdáhùn tó lọ́jọ́ lórí jù ní Èkó ni ti àwọn tó ní ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó ni olórí rẹ̀. Àwọn Àwórì ló sọ̀ kalẹ̀ láti Ìṣẹ́rì, ìtàn sì so àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ wọn, mọ́ àwọn ọmọ Olófin. Ojora ni ti Ìjọrà àti Ìgánmú, Olúwa ni ti Àpápá. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn yóò lọ tọrọ ilẹ̀, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀, yóò sì mọ̀ pé àlejò ni òun títí kan ọmọ-ọmọ òun. Àwọn tó di èrò yìí mú kò sọ pé àlejò kò gbọdọ̀ ní aṣáájú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé aṣáájú àlejò kì í ṣe olórí ìlú.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún ìhà yìí wá láti Àpápá gan-an. Ní 1913 ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní ohun tí Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lè gbà kò ju owó díẹ̀ lọ, nítorí pé lójú tiwọn ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ agbowó ìṣákọ́lẹ̀ ló ní. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá olóyè náà rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ ní 1920. Ní 1921, Lord Haldane kọ ìdájọ́ pé ìwé ìgbélẹ̀lé tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ní 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́, àti pé owó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. 22,500 pọ́n-ùn ni ìjọba san níkẹyìn. Láìsí ètò tó mọ olórí ẹbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè pe ẹjọ́, ilẹ̀ Àpápá ìbá ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń fi ojú ohun àtijọ́ wo oyè onílẹ̀ yẹ kó ro ìyẹn dáadáa.

Àmọ́ ìdájọ́ kan náà ni àbùkù ìhà yìí wà nínú rẹ̀. Adájọ́ kò sọ pé Olúwa ni olówó ilẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń ní aṣọ. Ó ní gbogbo àwùjọ náà ló ni ín, olóyè sì dúró fún wọn. Ìdájọ́ 1921 fi ojúṣe mọ́ oyè, ohun tí àwọn kan nínú àwọn àrólé sì mú nínú rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ títà. Nígbà tí yóò fi di 2016, ìpínlẹ̀ Èkó ti ní láti ṣe òfin pàtó tí yóò dá àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń fi ipá gba owó lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé lẹ́kun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ètò yìí kò ní ìdáhùn fún Ajégúnlẹ̀ òde òní, níbi tí àwọn tó ń gbé jẹ́ Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùróbò, Ìgbò, Ègùn, Haúsá àti Yorùbá láti ìlú oríṣiríṣi. Olórí tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò kì í rí àfi nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìwé ilẹ̀ lè jẹ́ onílẹ̀ tòótọ́, síbẹ̀ kò darí ẹnikẹ́ni. Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù ni pé ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtẹ̀dó ti ń rẹ̀. Ta ló tẹ omi dó?

Ìhà kejì: ẹni tí ará abúlé bá gbà ni olórí

Àwọn tó wà ní ìhà kejì gbà pé olórí ń tẹ̀lé ènìyàn, kò tẹ̀lé ilẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí bí àwọn abúlé etí omi ṣe rí lóòótọ́. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tó wá láti etíkun Òndó ní ọba nílé, Amapetu ti Màhìn àti Olúgbò ti Ùgbò, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá dó sí ní Èkó, àgbà kan ni wọ́n máa ń fi ṣe baálẹ̀. Àwọn Ègùn tó wá láti ìhà Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní Mákòkò, baálẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé agbolé orí omi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Iṣẹ́ baálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Òun ló ń gba àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló ń parí ìjà gbèsè ẹja, òun ló ń mọ ibi tí wọn yóò ti rí òkú ẹni tó bómi lọ àti ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí nílé rẹ̀. Kò sí káńsù tó ń ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

Ayétòrò ni àpẹẹrẹ tó ga jù tí ìhà yìí ní. Ní 1947, àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tó jẹ́ ti ìjọ Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ kúrò láàárín àwọn ará wọn, wọ́n lọ kọ́ ìlú tuntun létí òkun, wọ́n sọ gbogbo iṣẹ́ àti owó di ti àjọṣe, wọ́n sì fi olórí ìjọ ṣe ọba wọn, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ògélóyìnbó. Àṣẹ ọba yẹn kò ti ọ̀dọ̀ onílẹ̀ kankan wá. Fún nǹkan bí ogún ọdún, ìlú náà kan ọkọ̀, ó da iná mànàmáná sílẹ̀, ó sì lọ́rọ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú àyíká rẹ̀ lọ. Ètò àjọní yẹn tú ní òpin àwọn ọdún 1960, àwọn alátakò sì máa ń sọ pé ìtúká náà fi hàn pé olórí tí ìgbàgbọ́ gbé dúró kì í pẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá: ètò owó ló tú. Ìlú àti oyè rẹ̀ ṣì wà.

Níbo ni ìhà yìí ti ń kùnà? Bí gbogbo ìran bá ní olórí tirẹ̀, ta ni yóò dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí ìran méjì bá ń jà? Ìjà Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní etíkun Òndó ní 1998 kò dúró síbẹ̀; ní 1999 Yorùbá àti Ìjọ̀ jà ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Olórí pọ̀ nígbà náà, àmọ́ kò sí ẹyọ kan tí ìhà méjèèjì lè gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Àìlera kejì ni ti ìwé. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Òtódó Gbáméè ní Lẹ́kí kúrò láàárín ìparí 2016 àti oṣù kẹrin 2017, nǹkan bí 30,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó dá wọn láre ní oṣù kẹfà 2017, ó ní lílé tí wọ́n lé wọn láìpèsè ibòmíràn jẹ́ ìwà ìkà tó tàbùkù ẹ̀dá. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iyì ènìyàn ni ó dúró lé lórí. Kò sọ pé abúlé náà ní olórí tó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìhà kẹta: ìjọba nìkan ló ni àṣẹ

Ìhà kẹta kò ní ìfẹ́ tàbí ìkórìíra fún ìtàn. Òfin ni wọ́n ń wò. Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 sọ káńsù di ìpele kẹta ìjọba. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin Ọba àti Ìjòyè ti ìpínlẹ̀ Èkó, 1981, mú kí oyè nílò ìfọwọ́sí ìjọba. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò sì yan iṣẹ́ kankan fún ọba tàbí baálẹ̀. Lójú wọn, ìbéèrè ta ni olórí ti ní ìdáhùn: ẹni tí wọ́n dìbò yàn, àti òṣìṣẹ́ tó bá fi orúkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Agbára ìdáhùn yìí ju bí àwọn olùfẹ́ àṣà ṣe máa ń gbà lọ. Káńsù kò bi ẹnikẹ́ni nípa ìgbà tí baba rẹ̀ dé. Obìnrin tó ń yan ẹja ní Olódì-Àpápá ní ìbò kan bí àrólé onífìlà funfun ṣe ní ìbò kan. Alága tí kò ṣe dáadáa ní ọjọ́ tí sáà rẹ̀ yóò pé. Oyè baálẹ̀ kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ ojúgbà kan tí yóò bá ilé-iṣẹ́ epo tàbí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun wọ kóòtù, owó àti agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò ká a.

Ṣùgbọ́n ìjọba tó ní òun nìkan ni olórí kò tíì fẹnu kò láàárín ara rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ojú omi rẹ̀, NIWA, sílẹ̀ ní 1997. Èkó dá tirẹ̀, LASWA, sílẹ̀ ní 2008. Ilé-ẹjọ́ kan dá ìjọba àpapọ̀ láre ní 2014, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà sí ọ̀dọ̀ Èkó ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá a padà fún ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní 2024. Ọdún mẹ́wàá ni ìyẹn, tí awakọ̀ ojú omi kò fi mọ ẹni tó yẹ kó san owó ìwé àṣẹ fún. Ọ̀rọ̀ ìtìjú gbáà ni. Ohun kejì ni pé ojú tí ìjọba fi ń wo etí omi jẹ́ ojú ẹni tó ń wá ibi tí yóò lò. Àwọn ará Màrókò, tí wọ́n tó 300,000, gba ìkéde ọjọ́ méje ní oṣù keje 1990. Wọ́n wó apá kan Mákòkò ní 2012. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fọ́ páìpù epo. Ẹni tó ní olórí kì í lé ọmọ rẹ̀ lè máa sọ àṣejù, àmọ́ ó ṣòro láti rí ibi tí àwọn ìpinnu wọ̀nyí ti fi hàn pé ìbò ará etí omi wúwo.

Ìtàn tún kìlọ̀ pé ìfọwọ́sí ìjọba kò lè dá olórí, kò sì lè pa á. Nítorí ìrìn àjò Macaulay tí mo sọ lókè, níbi tí ó ti gbé ọ̀pá àṣẹ Èṣúgbàyí Ẹlẹ́kọ̀, ọba Èkó, lọ́wọ́, ìjọba amúnisìn kọ Ẹlẹ́kọ̀ ní ọba ní 1920, wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó ní 1925. Àwọn ará Èkó ò yéé mọ̀ ọ́n ní ọba. Ní 1931, ẹjọ́ tirẹ̀ náà ti dé Privy Council, ó sì padà wọ ilé.

Ìhà kẹrin: omi ló ń yan olórí tirẹ̀

Ìhà kẹrin ni àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà kà kún, nítorí pé kì í ní ìwé, kì í sì í jẹ́ oyè kan ṣoṣo. Wọ́n ní àṣẹ tòótọ́ létí omi wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ omi: olórí apẹja tó ń sọ ibi tí wọ́n lè da àwọ̀n sí, ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń to ọkọ̀ ní èbúté, Ìyálọ́jà tó ń dá iye ẹja, àwọn awo. Láàárín àwọn Ègùn, egúngún Zangbeto ló ń ṣọ́ òru. Olè ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ní etíkun Gánà ètò yìí fara hàn kedere: àwọn Fante ní apofohene, olórí apẹja, wọ́n sì ní konkohemaa, ìyá àwọn ẹlẹ́ja, tó ń bá apẹja ná iye ẹja tí ọkọ̀ gbé wálé. Ọjọ́ ìsẹ́gun kò sí ẹni tó ń lọ sókun níbẹ̀. Àwọn kan pè é ní èèwọ̀, àwọn onímọ̀ ẹja pè é ní ìsinmi fún ẹja, apẹja náà sì fi ọjọ́ yẹn tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Ohun rere inú ìhà yìí ni pé òun nìkan ló fi omi ṣáájú. Òun nìkan náà ló fún obìnrin ní ipò láti ìpìlẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń yan ẹja tó sì ń yá apẹja lówó epo ẹ́ńjìnnì ló di okùn ọrọ̀ abúlé mú, ohunkóhun tí baálẹ̀ ìbáà sọ. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè gbójú fo ìhà yìí bí àwọn ìwé lórí oyè ṣe ń ṣe.

Àìlera rẹ̀ ni pé kì í de ẹni tí kì í ṣe ara iṣẹ́ náà. Bájì kò mọ èèwọ̀. Òfin ẹja òkun ti 1992 ní kí ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n wọ́lẹ̀ má ṣe sún mọ́ etíkun ju máìlì omi márùn-ún lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ìwọ̀nba omi yẹn jẹ́ ti apẹja kékeré. Síbẹ̀ kò sí olórí apẹja kankan tí òfin náà fún ní agbára láti mú arúfin. Nígbà tí ewéko tó ń léfòó lórí omi gba ilẹ̀ Benin wọ ọ̀sà Àgbádárìgì ní 1984, tó di ọ̀nà ọkọ̀ pa, tó sì ń ya àwọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ti ju agbára ẹgbẹ́ èyíkéyìí lọ. Gánà gbìyànjú láti fi òfin gbé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ró: ní òpin àwọn ọdún 1990, wọ́n dá ìgbìmọ̀ àbójútó ẹja sílẹ̀ ní àwọn abúlé etíkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú nígbà tí owó tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ tán.

Ohun tí Sàmóà fi kún un

Sàmóà jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ó wúlò fún àríyànjiyàn yìí ju ọ̀pọ̀ ibi tó sún mọ́ wa lọ, nítorí pé wọ́n ti dán an wò láti so ilẹ̀, ènìyàn àti omi mọ́ ẹnu ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ òfin. Ẹbí gbòòrò ni wọ́n ń pè ní ʻaiga. Òun ló ń fi ènìyàn joyè matai, olórí ẹbí, ó sì lè gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn matai abúlé kan ló ń jókòó ní fono, ìgbìmọ̀ abúlé. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ṣì jẹ́ ilẹ̀ àṣà tí kò ṣe é tà. Ní 1990, Òfin Fono Abúlé fún ìgbìmọ̀ náà ní agbára láti bu ìtanràn tàbí iṣẹ́ fún ẹni tó bá rú òfin abúlé. Ọdún yẹn kan náà ni ìdìbò gbogbogbòò fún gbogbo ẹni ọdún mọ́kànlélógún sókè ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé matai nìkan ló ṣì lè du ipò aṣòfin.

Ohun tó yẹ kí a wò níbẹ̀ ni ààlà omi. Ìwé òfin Sàmóà sọ pé ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ibi tí omi òkun ń gùn dé jẹ́ ti gbogbo ìlú. Àṣẹ fono nílé-ẹjọ́ ń parí níbi tí ọ̀rọ̀ onílẹ̀ Èkó náà ti ń parí. Wọ́n fi òfin ẹja ti 1988 yọ ara wọn: abúlé yóò kọ òfin tirẹ̀ nípa àwọ̀n, nípa oró tí wọ́n fi ń pa ẹja, nípa apá ibi tí a kò gbọ́dọ̀ pẹja sí, ìjọba yóò sì fi òǹtẹ̀ lù ú, kó lè de àjèjì pẹ̀lú. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ abúlé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun ló ni omi.

Àmọ́ àwọn ará Sàmóà fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ètò náà. Fono máa ń lé ènìyàn kúrò ní abúlé, nígbà mìíràn nítorí pé ó dá ìjọ tuntun sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì ti ní láti yí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ padà. Obìnrin kéré láàárín àwọn matai. Àwọn abúlé kan kò tilẹ̀ gbà kí obìnrin joyè náà. Nígbà tí àwọn aṣòfin ya ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ àti oyè sọ́tọ̀ ní ìparí 2020, awuyewuye rẹ̀ wà lára ohun tó gbé ẹgbẹ́ tuntun wọlé ní ìbò 2021. Ẹni tó bá fẹ́ gbé fono wá sí Tòmárò gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ rẹ̀ náà mọ́ ọn.

Ìyàtọ̀ kan sì wà tí àfiwé èyíkéyìí kò lè bò. Ilẹ̀ abúlé Sàmóà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè, ó sì ń sọ̀ dé òkun. Nígbà tí omi òkun ya wọ gúúsù erékùṣù Upolu ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2009, tó pa ènìyàn tó lé ní 140, àwọn abúlé bíi Saleapaga ní ilẹ̀ tiwọn lókè tí wọ́n kó lọ, abẹ́ olórí kan náà. Lẹ́yìn àwọn abúlé tiwa ní ìhà Kírikírì, èbúté, táǹkì epo àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà.

Ibi tí mo tẹ̀ sí

Lójú mi, ìhà kejì àti ìkẹrin ló sún mọ́ òtítọ́ jù lórí ẹni tó ń darí ènìyàn àti ẹni tó ń ṣọ́ omi, ìhà kìíní sì jàre lórí ilẹ̀. Ohun tí ó kù kí ìhà kẹta ṣe ni kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ tí ará abúlé yàn, tí wọ́n sì lè yọ, yẹ kó ní orúkọ nínú ìwé káńsù, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ pé ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan etí omi wọn láìkọ́kọ́ pè é jókòó. Kí ìwé náà má sọ ohunkóhun nípa ẹni tó ni ilẹ̀.

Àwọn ẹbí onílẹ̀ yóò sọ pé ìwà wèrè nìyẹn: fún àlejò ní baálẹ̀ lónìí, yóò ní òun ló ni ilẹ̀ lọ́la. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àròsọ, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òfin wa mọ bí a ti ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, 1991, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lórí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni yẹn ló wà lórí ilẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá lè ya ẹni tó ń lo ilẹ̀ kúrò lára ẹni tó ni ín, a lè ya ẹni tó ń darí ènìyàn kúrò lára àwọn méjèèjì. Àtakò kejì, pé orúkọ púpọ̀ nínú ìwé káńsù yóò dá ìjà ìran sílẹ̀, wúwo jù fún mi. Èsì mi ni pé àwọn olórí wọ̀nyẹn ti wà, wọ́n wà ní 1999 náà. Ohun tí kò sí ni tábìlì kan tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jókòó sí kí ìjà tó dé. Èsì yẹn kò pé. Tábìlì náà lè di ibi tí wọn yóò ti máa jà sí ipò alága.

Ohun tí kò tíì yanjú

Lẹ́yìn ìdájọ́ 2024, ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi, àmọ́ ìdájọ́ náà kò sọ ipò tí apẹja tó so ọkọ̀ mọ́ etí ọ̀nà yẹn wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀ ni yóò fọwọ́ sí òfin ẹja tí abúlé bá kọ ní ọ̀nà ti Sàmóà. Ilẹ̀ tí a fi yanrìn dá nínú ọ̀sà náà ṣì ń fa wàhálà: onílẹ̀ ní ó jẹ́ ìtẹ̀síwájú ilẹ̀ òun, ìjọba ní omi ni tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ kí yanrìn tó dé kò sì ní ìwé kankan tí wọn yóò fi sọ̀rọ̀. Kò tíì sí ètò kan ní Èkó, ti àṣà tàbí ti òfin, tó sọ ipò tí ìyá àwọn ẹlẹ́ja yóò wà nígbà tí àwọn olórí bá jókòó.

Èyí tó ṣòro jù lọ wà ní Ayétòrò, níbi tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ, tó sì ń gbé e lọ sí i. Ìhà kìíní yóò ní kí a béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọn yóò kó lọ. Ìhà kejì yóò ní Ògélóyìnbó ṣì ni olórí wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ìjọba kò tíì sọ èyí tí yóò gbà nínú méjèèjì, àwọn ará Tòmárò àti Ìgbológun, tí òkun wà lẹ́yìn tiwọn náà, kò sì tíì ní ibi tí wọ́n lè mú ìbéèrè náà lọ.